Àwo obì onígi fún bàbá mi: igi wo ni kí n lò, báwo ni kí n ṣe yí i?

Àdùkẹ́ Ìjerù (oṣù kẹsàn-án)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi máa pé 70 ọdún nínú oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ní aṣọ ni tòun, àbúrò mi tó wà n'Ílọrin ní fíríìjì lòun máa gbé wá. Èmi ò fẹ́ ra nǹkan kan. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi yí àwo obì onígi tó ní ọmọrí, tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ ní pálọ̀. Inú ọ̀rá ni bàbá ń di obì sí báyìí, á wá ki ọ̀rá náà bọ àpò. Ọjọ́ tí màmá bá fẹ́ fọṣọ ni wọ́n tó máa ń rí èyí tó ti bu.

Káfíńtà kan wà nítòsí Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tó ní maṣíìnì tí wọ́n fi ń yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti igi àtẹ̀gùn. Ó ti kọ́ mi díẹ̀, ó sì ní kí n máa wá lò ó nírọ̀lẹ́ Sátidé. Mo ti yí igi méjì tí wọ́n fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun ṣinṣín. Wọn ò burú. Àwo ni mi ò dán wò rí. Ìjì wó igi máńgòrò kan lágbàálá wa nínú oṣù keje, ìtì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Abẹ́ igi yẹn ni bàbá máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Ṣé mo lè lò ó? Ẹ dákun, ẹ má ní kí n lọ ra ti ọjà o, mo mọ̀ pé ó wà lọ́jà.

Káfíńtà Sábó

Àdùkẹ́, o ṣeun tó o béèrè kó o tó gé e. Máńgòrò dáa, kò le jù fún irin. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, tó bá sì ti pẹ́ lórí ilẹ̀ tútù, dúdú á máa rìn nínú rẹ̀ bí inki tó dà sórí ìwé. Àwọn oníbàárà mi kan tiẹ̀ fẹ́ dúdú yẹn. Lọ wò ó lónìí. Níbi tó o bá ti rí ihò tóóró tó ń da ìyẹ̀fun, kòkòrò ti gbalé níbẹ̀, gé e sọnù.

Ohun tó ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nìyí: wọ́n á gé ìtì bí ẹni gé iṣu, wọ́n á gbé e kọ́ maṣíìnì bẹ́ẹ̀, ọkàn igi á wá bọ́ sí àárín ìdí àwo. Àwo yẹn á là. Mi ò sọ pé ó lè là o. Tí igi bá ń gbẹ, bó ṣe ń súnkì yí po ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti èèpo wọnú, gígùn rẹ̀ ní tiẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ yí padà. Èyí tó ṣì ní ọkàn nínú ò rí ibi sún sí, ló ṣe ń ya.

Nítorí náà, gé ìtì náà kó fi díẹ̀ gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Là á sí méjì gba àárín ọkàn, kó o wá gé nǹkan bí ìka méjì kúrò níbi tí ọkàn wà lára ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó o gé yẹn ni ẹnu àwo máa kọjú sí, ìdí rẹ̀ á wà níhà èèpo. Ojú méjèèjì tó o ti gé ìtì yẹn, wá ọ̀dà tó ṣẹ́kù nílé tàbí kó o yọ́ àbẹ́là, kó o fi kùn wọ́n. Lónìí o, kì í ṣe lọ́la. Ibẹ̀ lomi ń gbà sá jáde.

Àlàmú Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà sọ òótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní fi máńgòrò ṣe ẹ̀bùn fún ẹni 70 ọdún. Igi tí wọ́n ń pè ní ọmọ ni mo máa lò. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù dùndún níbí, ó fúyẹ́, ó sì ń pẹ́. Àwọn àgbà onílù a máa sọ pé èyí tó hù sẹ́bàá ọ̀nà ló dáa jù, torí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn tipẹ́, ìlù rẹ̀ á mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Àwo obì bàbá náà á máa gbọ́ àṣírí.

Igi apá náà wà. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó le, tó bá gba òróró báyìí o ò ní fẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bàbá bá wà lára àwọn tó gbà pé orí apá làwọn ìyá ti ń ṣèpàdé, má gbé e wọlé. Ìyá ìyàwó mi kọ àga apá nílé wa, orí ẹní ni wọ́n jókòó sí títí wọ́n fi lọ.

Àdùkẹ́ Ìjerù

Ẹ̀gbọ́n Àlàmú, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Díákónì ni bàbá. Wọn ò ní sọ nǹkan kan, àmọ́ wọn ò ní fọwọ́ kàn án.

Máńgòrò yẹn náà ni mo fẹ́, torí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa ní ìwé kíkà. Mo ti là á lánàá, mo sì ti kùn ún. Ìdajì kan ní ihò kòkòrò, ìkejì mọ́ tónítóní. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni àkókò. Wọ́n ní igi ń gba ọdún kan fún ínǹṣì kan kó tó gbẹ, oṣù márùn-ún ló sì kù.

Bàbá Tísà

Àdùkẹ́ ọmọ mi, mo kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ igi títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tó bá gùn, ẹ foríjì mí.

Ọdún kan fún ínǹṣì kan, pákó ni wọ́n ń sọ. Àwo ò ní dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì lo máa yí i. Yí i báyìí tó ṣì tutù. Igi tútù rọ̀, ìdí nìyẹn táwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa láyé ijọ́un fi ń gbẹ́ odó àti ère ní tútù. Àmọ́ má tíì jẹ́ kó fẹ́lẹ́. Jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá bí àwo náà ṣe fẹ̀. Àwo tó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tó mìlímítà 20. Tó bá ń gbẹ, á wọ́, ẹnu rẹ̀ á gùn gbọọrọ bí ẹyin. Má bẹ̀rù. Ara tó o fi sílẹ̀ yẹn lo máa gé kúrò nígbà kejì tó fi máa padà rí roboto.

Gbé e sínú bébà sìmẹ́ńtì, da èérún tó jáde lára rẹ̀ bò ó, kó o gbé e síbi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ ẹ lójú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbé e sórí òṣùwọ̀n, kó o fi pẹ́ńsù kọ iye rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ṣe kéèkì ni o, ti àwọn tó ń ra kaṣú kì í rí gíráàmù. Tí iye náà ò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gbẹ. Kó o sì ṣọ́ra tí ọyẹ́ bá dé. Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń la ètè èèyàn, kí ló máa ṣe igi!

Ó ku maṣíìnì. Ibi tí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì í yí ti ń ṣìnà nídìí àwo nìyí, kí ọ̀gá rẹ náà kà á. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ibi tó tóbi lo ti ń gé lọ síbi tó kéré. Àwo ò rí bẹ́ẹ̀, torí ojú igi rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ìbú. Lẹ́yìn àwo, láti ìdí tó kéré lo ti máa gé wá sí ẹnu tó fẹ̀. Nínú àwo, láti ẹnu lọ sí àárín ìsàlẹ̀. Tó o bá gé e lódìlódì, irin á máa tú irun igi sókè, ara àwo á rí bí ìgbà tí eku jẹ ẹ́. Irin ńlá oníkòtò tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ sọ igi bẹ́ẹ̀dì di roboto, má fi kan àwo láéláé. Ìrù rẹ̀ tó wọnú èkù tín-ín-rín. Tó bá há sára àwo, á kán, ojú rẹ sì ló kọjú sí. Irin àwo yàtọ̀, ó nípọn láti orí dé ìrù.

Jẹ́ kí ẹ̀yìn irin kọ́kọ́ fara kan igi, kó o tó rọra gbé èkù sókè títí ẹnu rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹni tó bá fi ẹnu irin kò ó lójú tààrà, igi á gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. Irin ara maṣíìnì tó ò ń gbé irin ìgégi lé, sún un mọ́ igi, má jẹ́ kí àlàfo àárín wọn tó ìka kékeré. Pa maṣíìnì kó o tó sún un, kó o sì fọwọ́ yí igi lẹ́ẹ̀kan kó o tó tan iná.

Lórí eré: mú iye ínǹṣì tí àwo fẹ̀, fi sọ ìlọ́po iye ìgbà tí maṣíìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Kó bọ́ sáàárín 6,000 sí 9,000. Lọ wo ara mọ́tò iná tó ń wa maṣíìnì ọ̀gá rẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kọ nǹkan bí 1,440. Tí púlì ara mọ́tò bá jẹ́ ínǹṣì 3, tí ti òkè jẹ́ 6, igi á máa yí ní 720. 720 lọ́nà 8 jẹ́ 5,760. Ó rọra ń lọ, èyí gan-an ló yẹ ìwọ. Ṣùgbọ́n tí púlì méjèèjì bá dọ́gba, ó ti di 11,520 nìyẹn. Igi tó bá já lórí eré yẹn, àjà ló máa bá sọ̀rọ̀.

Igi ganganran má gùn mí lójú. Má dúró sí ọ̀kánkán igi nígbà tó o bá ń tan iná.

Nọ́ọ̀sì Àpákẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu ba aṣọ! Àdùkẹ́, bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, má wọ bùbá alápá fífẹ̀, má wé ìborùn. Tó o bá dirun gígùn, kó o sínú fìlà. Ẹnì kan gbé ọwọ́ wá sọ́dọ̀ wa tí apá ẹ̀wù fà á wọ maṣíìnì, mi ò ní sọ jùyẹn lọ.

Eruku igi náà kì í ṣe eré. Láti 1995 ni àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ imú fáwọn tó ń fà á símú lójoojúmọ́. Ti ìrókò máa ń mú ara yún àwọn kan, ó sì máa ń mú àyà há wọn. Ti máńgòrò rẹ náà, má fi ṣeré. Lo ìbomú, èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, kó o sì fi awò ńlá tó bo gbogbo ojú sí i.

Ọmọ Awẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí Àdùkẹ́ má bàa jìyà tí mo jẹ. Mo yí àpótí roboto kan fún ìyàwó mi nígbà òjò, pé kó máa kó yẹtí sí i. Ọmọrí rẹ̀ wọlé tó fi ń dún "pọ́" téèyàn bá ṣí i. Inú mi dùn, gbogbo àlejò tó wọlé ni mo ń ṣí i fún. Oṣù kejìlá dé, ọyẹ́ mú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ó ti wé gèlè tán, ọkọ̀ ń fun fèrè níta, àpótí kọ̀, kò ṣí. Yẹtí góòlù tí màmá rẹ̀ fún un wà nínú rẹ̀. Ọ̀bẹ ìdáná ló fi là á. Ẹ ò bá rí ojú tó fi wò mí.

Ohun tó fà á ni pé igi náà ò tíì gbẹ tán, mi ò sì to ojú igi ọmọrí pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ di gbọọrọ síhà ìlà oòrùn, ọmọrí di gbọọrọ síhà àríwá, wọ́n wá há mọ́ra wọn. Látorí igi kan náà ni kó o ti gé ọmọrí àti àwo. Fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìlà igi wọn ti bára mu. Má sì jẹ́ kó fún. Jẹ́ kí àyè tó bébà káàdì kan wà yí po. Bàbá ẹni 70 ọdún ò fẹ́ "pọ́" kankan.

Ìyá Olóbì

Ẹ ń yí àwo, ẹ ò béèrè lọ́wọ́ àwa tó ń ta obì. Obì tí wọ́n bá kó sínú igi gbígbẹ láìsí ewé á rọ, á hunjọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí ẹ bá sì fi ewé tútù tẹ́ àwo, omi ewé á ba igi jẹ́. Iye tí wọ́n máa jẹ lóòjọ́ ni kí wọ́n máa kó sí i, àbàtà méjì, gbànja kan. Kí ìyókù wà nínú ewé nínú agbọ̀n.

Àdùkẹ́ Ìjerù

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Á jẹ́ pé àwo kékeré ló yẹ, ínǹṣì 6 ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi pa á lára? Ọ̀gá mi ní síílà àti fáníìṣì.

Káfíńtà Sábó

Síílà ni àwa fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, ó ń dán, ó sì ń yá. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ á wà nínú àwo tó ní ọmọrí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, obì á sì gba òórùn náà. Má fi sí inú. Ìta nìkan, tó bá wù ọ́.

Àlàmú Ọ̀yọ́

Òrí àti ìda oyin ni o! Òrí ìdá mẹ́ta, ìda oyin ìdá kan. Gbé abọ́ wọn sínú omi gbígbóná kí wọ́n yọ́ pọ̀, má gbé e sórí iná gan-an. Tó bá tutù, fi bébà rírọ̀ pa á nígbà tí àwo ṣì ń yí, ooru ọwọ́ rẹ á jẹ́ kó wọlé. Kì í dán bíi fáníìṣì, àmọ́ ọwọ́ á fẹ́ máa gbé e. Ẹ má lo òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa, wọn kì í gbẹ, wọ́n á máa rùn.

Bàbá Tísà

Òróró líńsíìdì náà ń gbẹ dáadáa tí ẹ bá rí i. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹ bá fi pa á, ẹ tẹ́ ẹ síta gbangba kó gbẹ. Tí ẹ bá ká a jọ sójú kan, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣá iná sí i.

Ẹ má sì gbàgbé sáńpépà. 80, 120, 180, 240, 320, ẹ má fo ọ̀kankan. Ohun tí 80 bá fín sára igi, 320 ò lè pa á rẹ́.

Àdùkẹ́ Ìjerù (oṣù kejìlá)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo yí àwo méjì ní tútù, torí ọkàn mi ò balẹ̀. Ìkíní ti là. Èmi ni mo jẹ̀bi: mo gbàgbé rẹ̀ sórí fèrèsé lọ́jọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo bá ẹ̀là láti ẹnu dé ìdajì ara rẹ̀, mo lè ki káàdì bọ ibẹ̀. Mo jókòó tì í, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìkejì tó wà nínú bébà sìmẹ́ńtì ò ṣe nǹkan kan. Ó wọ̀n 612 gíráàmù nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e, ó ti di 391, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò kúrò níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gùn gbọọrọ lóòótọ́, bí Bàbá Tísà ṣe wí.

Ìlà dúdú kan gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ọmọ Awẹ́

Ọmọrí ńkọ́?

Àdùkẹ́ Ìjerù

Mo ti sàmì sí i. Àyè káàdì kan wà. Kò dún "pọ́".

Àdùkẹ́ Ìjerù (oṣù kejì)

A ṣe é lánàá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo gbé e fún bàbá lẹ́yìn àdúrà. Wọn ò wo ọmọrí, wọn ò wo inú. Wọ́n yí i dojú dé, wọ́n wọ dígí wọn, wọ́n ní, "Ta ló lu ihò mẹ́rin síbí?" Ihò sukúrúù tí mo fi de àwo mọ́ maṣíìnì ni! Mo ní mo máa fi àlọ̀kù pákó dí i, mo gbàgbé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé máńgòrò ìdí àga wọn ni. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò pa ìlà dúdú yẹn síwá sẹ́yìn.

Obì kọ́ ló wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí o. Eyín wọn tí wọ́n máa ń bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ni mo bá níbẹ̀.

Wọ́n ti ní àwọn máa tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà lọ́jọ́ Sátidé, àwọn fẹ́ rí maṣíìnì náà, àwọn náà fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì Àpákẹ́

Kí wọ́n má wọ agbádá o.